Ibi Tí Àmúdàtù Máa Jókòó Sí

Àlàmísì, 27 Fẹ́búárì

Wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù lónìí. Dókítà pe èmi nìkan sẹ́yìn, ó ní ẹ̀dọ̀ Àmúdàtù ti wú, pé tó bá tún padà sídìí ọtí, ká má tan ara wa jẹ. Mo ní ààwẹ̀ wọlé lọ́túnla. Ìyàwó mi kì í mu nínú ààwẹ̀, kò mu ún rí nínú ààwẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ní, "Lẹ́yìn ààwẹ̀ ńkọ́, bàbá?" Ó ní àwọn kan wà tí irú nǹkan yìí ń bá jà, tí wọ́n máa ń jókòó pọ̀ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ó ní kí n wá irú wọn rí kí oṣù ọdún tó lé, kí n fi í sáàárín wọn, torí oògùn nìkan kò lè mú un dúró.

Nílé, gbogbo àwọn tó wá kí wa ni mo sọ fún pé ọgbẹ́ inú ni. Àǹtí Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìpọ̀nrí, fẹ́ mọ irú ọgbẹ́ inú tó ń mú kí ẹyinjú ènìyàn pọ́n rúsúrúsú. Mo ní èyí tó le ni. Aneesah ọmọ wa wò mí, ó sì wolẹ̀. Àmúdàtù kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Sátidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru ń mú bí ẹni jókòó ti àdògán. Yìnyín ti gbówó lórí láàárín àná sí òní, àwọn tó ń tà á kò tiẹ̀ tijú.

Àmúdàtù ti dìde se sààrì kí n tó jí. Ẹ̀wà àti dòdò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n òróró kò dà. Ẹni tó bá rí i bó ṣe ń kírun á ní obìnrin wo ló tún mọ Ọlọ́run tó èyí, kò sì purọ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Oṣù kan péré ni Ọlọ́run máa ń bá mi mú un dání lọ́dún. Tó bá di ọjọ́ Ìtúnu, Á dá a padà fún mi.

Àtàláátà, 4 Máàṣì

Mo rí nọ́ńbà irú ẹgbẹ́ tí dókítà sọ lórí fóònù, mo pè é. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń pàdé. Sylvester lorúkọ ẹni tó gbé e. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ni ìpàdé, wọ́n kàn yá wọn ní ibi ìjókòó ni. Mo bi í pé aago mélòó. Ó ní mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Mẹ́fà ààbọ̀! Ìgbà tí gbogbo mùsùlùmí mú dàbínù dání tí wọ́n ń wo ojú aago.

Jímọ̀, 7 Máàṣì

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ lọ wò ó. Àga rọ́bà funfun ni wọ́n tò yíká, ọ̀kan nínú wọn ti sán lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ìwà mi nìyẹn, iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe, ibi tí ènìyàn máa fi ìdí lé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Sylvester dìde wá pàdé mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé jàre. No shame for here. Gbogbo wa la wà nínú ẹ̀."

Mo ní èmi kọ́. Mo ní ìyàwó mi ni. Ọ̀kan ń họ orí. Sylvester fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin kan wá síbí lọ́dún tó kọjá. Àwọn ará àdúgbò ní ọkùnrin ló ń wá kiri. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kejì tó wá ló mọ."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, òun fúnra rẹ̀ ló sá jáde lọ ra omi inú ọ̀rá wá fún mi kí n fi ṣínu. Ènìyàn dáadáa ni. Ó fún mi ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ògúntádé, ní ọsibítù Yábàá.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Àmúdàtù. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín àwọn ọkùnrin. Lásìkò ìṣínu. Bàbá Aneesah, ó ku kí wọ́n máa pín ọtí níbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, mi ò mọ irú omi tó jẹ́ mọ́.

Àtìní, 10 Máàṣì

Gbogbo ayé fẹ́ kí àga wọn di tuntun kí ọdún tó dé. Iná ò sí láti Jímọ̀. Lẹ́dà aláwọ̀ kọfí ti wọ́n débi pé àwọn oníbàárà ń ṣépè fún mi bí ẹni pé èmi ni mo bó o lára màlúù.

Àtàláátà, 11 Máàṣì

Ní Èkó wa níbí, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Yábàá, wọn á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmúdàtù bi mí lánàá pé, "Ṣé mo ti ya wèrè ni?" Mo bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì Ògúntádé ti sọ fún mi lórí fóònù pé tọkùnrin tobìnrin ló ń wá sí ìpàdé tiwọn, àárọ̀ ni, ìṣínu ò sí lára ẹ̀. Ó gbà. Ó wọ hìjáàbù dúdú, ó fà á wá síwájú orí.

A ti dé ẹnu géètì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú. Àfi bí ẹnìkan ṣe pariwo lẹ́yìn wa pé, "Ìyá Aneesah! Kí lẹ wá ṣe níbí?" Obìnrin kan láti òpópónà wa ni, òun ló ń gbé yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀ fún Àmúdàtù rán. Kí n tó lanu, Àmúdàtù ti dáhùn.

"Ọkọ mi ni mo sìn wá."

Obìnrin náà yíjú sí mi. Àánú kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ọlọ́run á mú yín lára dá." Mo ṣe àmín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Àmúdàtù ti yí padà, ó ti ń lọ sí ojú títì.

Àlàmísì, 13 Máàṣì

Oníbàárà kan wá gbé àga rẹ̀ láìtíì parí. Ó ní òun gbọ́ pé ara mi ò yá. Ó rọra ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ajá tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Gbogbo òpópónà ti gbọ́ pé orí Sàlíhù oníṣẹ́ àga kò pé mọ́. Ó dáa, kó wà lórí mi.

Nọ́ọ̀sì Ògúntádé pè. Mo sọ bó ṣe jẹ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà ní Sùúrùlérè tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀. Mo ní ibo ni. Ó ní òun ò ní sọ. "Wọn kì í gba ẹni tí ọkọ mú wá, tàbí tí ìyá ọkọ mú wá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pè wọ́n. Nọ́ńbà nìkan ni mo lè fún yín."

Mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sórí fóònù Àmúdàtù láti ìsọ̀ mi. Mo rí àmì méjèèjì tó di búlúù, ó ti kà á. Mo dúró. Ó ṣe díẹ̀, èsì wọlé: "Ẹ rántí ra àlùbọ́sà."

Àláàdì, 16 Máàṣì

Mo gbọ́ nípa Alhaja kan lórí rédíò tó ń kó àwọn obìnrin tí ayé ń dà láàmú jọ fún àdúrà, nítòsí ọjà Ojúwoyè. Obìnrin nìkan, mùsùlùmí nìkan, wọ́n sì ń fún wọn ní ìṣínu. Mo ní Ọlọ́run ti dáhùn. Àmúdàtù náà ní òun á gbìyànjú ẹ̀.

Ó lọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó dé, ó ní orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, ẹní tó dára. Alhaja ní kí kálukú sọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀kan ní ọkọ lé òun. Ọ̀kan ń wá ọmọ. Ó kan Àmúdàtù. Ó ní òun dìde, òun sọ ọ́ bó ṣe rí: "Àmúdàtù lorúkọ mi. Ọtí ni mò ń mu, mi ò lè fi í sílẹ̀." Kò sọ ọ́ rí láyé ẹ̀, kò tiẹ̀ sọ ọ́ fún èmi. Ni gbogbo wọn bá figbe ta: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kì í ṣe ìpín rẹ!" Ẹni tó jókòó tì í fọwọ́ bò ó lẹ́nu kó má baà fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè fún ara rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí títí, wọ́n ní kó sọ pé òun kì í mutí. Ó sọ ọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ròyìn ẹ̀. "Wọ́n ti wò mí sàn, Bàbá Aneesah. Mi ò mutí rí." Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mi ò mọ ibi tó kù.

Àlàrùba, 19 Máàṣì

Kò gba ààwẹ̀ láti àná. Nǹkan oṣù rẹ̀ dé, ẹ̀sìn sì fún un láyè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ yìí, mi ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ààwẹ̀ ni ọgbà tó yí i ká. Tí ọgbà bá ṣí, èmi nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, pákó férémù sì ti tán, mo gbọ́dọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Makoko. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo inú àpò ìrẹsì. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń tú ilé. Kò sí ọtí níbì kankan. Mo lọ.

Mo ṣì wà ní Makoko nígbà tí Àǹtí Kùdírátù dé láti Ìpọ̀nrí. Ó gbé àgbo wá fún ọgbẹ́ inú. Ike omi ńlá kan, egbò igi kún inú rẹ̀, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Àǹtí tó ti lọ sí Mẹ́kà, tó máa ń sọdá sí òdìkejì tó bá fẹ́ kọjá níwájú ilé ọtí. Ṣùgbọ́n oògùn ni, kò sẹ́ni tó ń pe oògùn lọ́tí. Èmi náà ti mu irú ẹ̀ rí nítorí jẹ̀díjẹ̀dí, mo nu ẹnu, mo lọ kírun.

Nígbà tí mo dé, Àlàásárì ti kọjá. Àmúdàtù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ ìránṣọ, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò nìkan ló kù nínú ike.

Ó ní, "Àǹtí ní ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́."

Mo gbé ike náà kúrò nílẹ̀.

"Mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Wọ́n ṣì ń kí mi, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí mọ́."

Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹni tí mo máa bínú sí. Ta ló sọ pé ọgbẹ́ inú ni? Èmi ni. Èmi ni mo fi ẹnu mi ránṣẹ́ pe ọtí wálé, nínú ilé tí mo ti ń tú àpò ìrẹsì.

Àlàmísì, 20 Máàṣì

Ọsibítù láti òwúrọ̀. Ó ń bì, ó ń gbọ̀n. Dókítà kò bá mi wí. Ó sàn kó bá mi wí.

Jímọ̀, 21 Máàṣì

Wọ́n ní ká máa lọ sílé, ká ṣọ́ ọ dáadáa. Aneesah jókòó tì í, mo gba Ìpọ̀nrí lọ. Àǹtí Kùdírátù ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n máa fi dín àkàrà. Ó ní, "Ṣé àgbo yẹn ń ṣiṣẹ́? Tó bá ti fẹ́ tán, kí n tètè rà sí i."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ọtí ni Àmúdàtù ń mu. Ó ti pẹ́. Ọtí ló ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ń retí kó bú u, kó bú àwọn òbí rẹ̀, kó ní òun ti sọ fún mi kí n má fẹ́ ẹ. Mo ti múra bí mo ṣe máa gbèjà rẹ̀.

"Sàlíhù. O mọ̀. O sì jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e fún un."

Kò gbóhùn sókè. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Àtìní, 24 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Atẹ́gùn ṣí páànù kan ní ìsọ̀ mi, fóòmù mẹ́ta mu omi. Àmúdàtù ti tún ń gba ààwẹ̀. Mo ní kó sinmi, dókítà ní kó má gbà á. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n rí nǹkan dì mú."

Àlàrùba, 26 Máàṣì

Mò ń kan ìṣó mọ́ àga níta nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo dá òòlù dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni." Ó tẹ́tí gbọ́ wọn. "Rárá. Kò sẹ́ni tó ní kí n pè yín."

Mo yára padà sídìí ìṣó mi, mò ń kàn án gbàgbàgbà, kó lè rò pé mi ò gbọ́. Mo ti kan méjì síbi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn ìṣínu ó ní, "Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Àláàdì." Mo ní ó ṣeé ṣe kí ọdún bọ́ sọ́jọ́ náà. Ó ní òun sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní torí ẹ̀ gan-an ni.

Sátidé, 29 Máàṣì

Oṣù ti lé. Gbogbo àdúgbò ń hó, àwọn ọmọ ń yin bángà. Mo jókòó sórí àga tí mi ò tíì fi lẹ́dà bò, àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi kú oríire. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àláàdì, 30 Máàṣì. Ọjọ́ Ìtúnu

Kí a tó ti yídì dé, Àǹtí Kùdírátù ti wà nílé ìdáná wa. Kò sọ ohun tó bá wá, ó kàn gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Àmúdàtù ó bẹ̀rẹ̀ sí gé àlùbọ́sà. Gbogbo àlejò tó bá gbé ọ̀rá dání, ó ń tú u wò lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú ọ̀rá àna mi kan wò, ó bá máltì níbẹ̀, ó sì tún gbọ́ òórùn máltì náà. Àmúdàtù rí i. Ó kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́rin, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sùúrùlérè. Ìsọ̀ onídìrí ni. Wọ́n ti fa ilẹ̀kùn irin rẹ̀ wálẹ̀ dé àárín, bí ìsọ̀ tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀, ó wò mí. "Bàbá, ẹ kú ọdún. Ẹ dúró lọ́hùn-ún." Ó di Àmúdàtù lọ́wọ́ mú wọlé.

Mo jókòó sórí táyà kan lódìkejì. Ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn kan jókòó sórí àga, àwọn kan jókòó sórí àpótí kékeré láàárín orúnkún wọn, wọ́n ń di irun fún ara wọn. Ẹni tó bá ń kọjá kò ní rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ta ló máa bi obìnrin tó ń dirun léèrè ohun tó ń sọ? Mo wo àpótí yẹn dáadáa. Kò ní ẹ̀yìn. Ẹni tó bá jókòó lé e, ara ẹni tó ń dirun fún un ló máa fẹ̀yìn tì. Mo ti ń ṣe àga láti kékeré, mi ò lè ṣe irú ìyẹn.

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà kan mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá òun ni. Mi ò lè dìde, mi ò lè lọ.

Ó jáde pẹ̀lú hìjáàbù lórí, ojú rẹ̀ wú. Nílé ló tó ṣí orí. Ìdajì ni wọ́n dì, ìdajì tó kù dúró gànràn bí igbó. Mo ní ó ti sá jáde láàárín.

Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tuntun nìyẹn. Ìdajì tó kù di Àláàdì tó ń bọ̀."

"Ṣé o sọ ọ́ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Ẹni tó ń dì í fún mi ń dì í lọ."

Àtàláátà, 1 Épírì

Kò sí ààwẹ̀ mọ́. Láti òwúrọ̀ ló ti ń rìn láti ìsọ̀ sí yàrá, láti yàrá sí ìsọ̀. Ó ran apá yúnífọ́ọ̀mù kan mọ́ ibi ọrùn, ó tú u, ó sì tún ran án síbẹ̀. Lọ́sàn-án ó gbé àpótí wá síwájú mi, ó fi ìyarun lé mi lọ́wọ́, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ṣí orí.

"Ẹ bá mi tú u. Mi ò lè máa gbé orí àbọ̀ kiri. Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́."

Ó lè tú u fúnra rẹ̀ tó bá fẹ́, mi ò lè dì í lọ́wọ́ mú. Ó lè dìde kó jáde sí òpópónà báyìí, ilé ọtí kò jìnnà, mi ò sì lè di ìyẹn náà mú.

Èmi ni mò ń tú irun Aneesah láti ìgbà tó ti ń rá. Aneesah jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wò mí.

Mo ní, "Mi ò mọ irun tú."

Aneesah lanu, ó sì pa á dé. Àmúdàtù yíjú wò mí. Ó gba ìyarun lọ́wọ́ mi, ó fi í sílẹ̀, ó mú ìborùn rẹ̀, ó wé e, ó so ó le. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Òní ni Àtàláátà. Àláàdì ṣì jìnnà.